Pẹ̀lẹ́ Lórí Yìnyín

Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá Ìbàdàn kíyè sí nípa ilé wa ní Springdale, ní Amẹ́ríkà, ni pé ilé náà kì í dáhùn. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, tí òun sọ pé "Ẹ káàárọ̀ o," ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná nìkan ló máa ń kùn nísàlẹ̀, fíríìjì á sì máa gbè é. Ìyá bàbá mi ni. Inú agbo ilé tí èèyàn kò ti lè sín kí wọ́n má kí i láti yàrá mìíràn ló ti wá. Nílé tiwa, ohun kan ṣoṣo tó máa ń dá a lóhùn ni ẹ̀rọ pélébé kan tó wà lókè àjà, tó máa ń pariwo bí èéfín bá kàn án. Bí Màmá bá ti da dòdò sínú epo báyìí, ẹ̀rọ náà á figbe bọnu, Màmá á gbójú sókè, á ní, "Mo gbọ́ o, ó kù díẹ̀ kó jinná." Bàbá mi á sáré gun àga, á máa fi ìwé ìròyìn fẹ́ èéfín kúrò kí ẹ̀rọ náà lè dákẹ́. Màmá kò fẹ́ kó dákẹ́. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà, òun nìkan ló mọ̀ pé ẹnì kan ń dáná.

Kì í ṣe pé a burú. Iṣẹ́ ló pọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, òru ló fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ọ̀sán ló fi ń sùn, nítorí náà ọ̀sán gan-an là ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nílé wa, a sì máa ń ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá jalè. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí Màmá tó dé, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé máa ń wà, mo fi okùn bàtà so ó. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún ara mi bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mò ń mú oúnjẹ gbóná, èmi náà ni mo sì ń bá ara mi wí pé kí n lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìgbà tí Màmá dé ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Bí mo bá ti wọlé, á ti tú ìrẹsì sórí tábìlì, àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Kò sí òkúta kankan nínú ìrẹsì náà. Inú ọ̀rá tó mọ́ tónítóní ló ti jáde. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní, "Mo mọ̀. Bí a ò bá wá ṣa á, kí la fẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ ṣe?" Ìdí ìrẹsì tí kò lókùúta yẹn ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Títí di ìgbà náà, mo lè mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, kí n wá fi Òyìnbó mẹ́wàá tì í lẹ́yìn. Bùkọ́lá ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Màmá nìkan ló ń fi oríkì mi pè mí, Àjíkẹ́, bó bá sì ti pè é báyìí, màá jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn.

Nígbà tí òtútù mú, Màmá kò jáde mọ́ àfi bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa wo àdúgbò wa, níbi tí mọ́tò ti ń kọjá ṣùgbọ́n tí èèyàn kì í kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a jókòó ti ẹ̀bà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ń rú èéfín, ó fọwọ́, ó nu ẹnu, ó ní, "Délé, oṣù tó ń bọ̀ ni màá máa lọ sílé." Bàbá mi gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà, Màámi. Kí la ṣe fún yín?" Màmá ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Nǹkan tí ẹ ṣe gan-an nìyẹn." Ìyá mi, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, kúnlẹ̀ lórí táìsì ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rí ìyá àgbà rẹ̀ díẹ̀ sí i. Màmá ní òun ò bínú, ara òun ya, ẹnu òun nìkan ló ń hu koríko. Ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èmi kò lè jẹ ẹ̀bà mi tán. Ẹ̀rù bà mí gan-an. N kò fẹ́ kí Màmá lọ, kò sì sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé lọ́dún náà.

Bàbá mi jẹ́ ẹni tó gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí òun kò lè tún ṣe, bó ṣe ẹ̀rọ omi, bó ṣe ìyá. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn rò ó, ó wá pinnu pé ohun tó ń ṣe Màmá ni pé kò tíì rí ìgbádùn Amẹ́ríkà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ pé pápá kan wà láàárín ìlú Washington, níta gbangba, tí wọ́n ti máa ń sọ omi di yìnyín, tí tọmọdé tàgbà á wọ bàtà onírin, tí wọ́n á máa fò lọ fò bọ̀ lórí rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe ṣe àlàyé èyí fún ìyá rẹ̀? Ó wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ó rí ọ̀kan, ó sì dá a lójú pé ó ti rí i. Ó ní, "Màámi, ní Sátidé, a máa lọ yọ̀ ní Washington."

Ẹ wò ó, Yorùbá ló fa gbogbo wàhálà yìí, kì í ṣe bàbá mi. Èdè wo ló tún ń fi ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, pe ẹni tínú rẹ̀ dùn àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀? Ẹni tí Ọlọ́run ṣoore fún ń yọ̀. Ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ náà yọ̀. Bàbá mi ń sọ ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti oore Ọlọ́run ni Màmá gbọ́. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Yọ̀? Nínú òtútù yìí?" Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Gbogbo èèyàn ló ń lọ yọ̀ níbẹ̀." "Níta?" "Níta gbangba, mà. Whole family." Màmá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ̀ kẹ́yìn."

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ìyá mi ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó ti sùn, bàbá mi àti èmi ti wọ ṣòkòtò tó nípọn, a ti dé fìlà onírun, a ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá sọ̀kalẹ̀ wá. Léèsì funfun ló wọ̀, gèlè rẹ̀ ga débi pé ó fi orí kan gílóòbù iná tó wà lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé ìwé orin sábẹ́ abíyá, ó gbé báàgì tó kún fún mọ́ínmọ́ín dání, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí, èèyàn kì í fi ọwọ́ òfo lọ sí ìdúpẹ́. Bàbá mi wò ó, ó wò mí. N óò rántí ojú rẹ̀ títí. Ó rí i pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó sì tún rí i pé ìyá òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú kóòtù ńlá tirẹ̀, ó fi wọ Màmá lé orí léèsì náà. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màámi," ló wí.

Bàbá mi kì í wa mọ́tò wọ Washington, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí, nítorí náà a gbé mọ́tò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Largo, a wọ réluwéè. Bí Màmá ṣe wọlé, ó dúró, ó kí gbogbo èrò ọkọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un sọ, ó fi kún ohùn. Ọkùnrin kan yọ nǹkan tó ń fi gbọ́ orin kúrò létí, ó ní "Good morning, ma'am," Màmá sì súre fún un títí dé orí ìyàwó tó ṣeé ṣe kó máà tíì ní. Nígbà tí a lọ díẹ̀, ọkọ̀ náà wọ abẹ́ ilẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú. "Délé, kí la ń wá nísàlẹ̀ ilẹ̀ láàyè?" "Ọ̀nà ni, Màámi, ó máa tó jáde." Ó jáde lóòótọ́, òòrùn tàn wọlé, Màmá ṣe "Àmín." Ó tún wọlẹ̀. Màmá ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí wọ́n yé fi àjíǹde ṣeré. Ó wá fa mọ́ínmọ́ín yọ láti fún ọkùnrin tó ń gbọ́ orin náà, bàbá mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, nítorí wọn kì í gbà kí èèyàn jẹun nínú réluwéè náà, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sí ara ògiri. Ọkùnrin náà gbà á. Ó fi sínú àpò kóòtù rẹ̀, ó fọwọ́ bò ó, ó jókòó tì í títí a fi sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní òròmọdìyẹ ṣọ́.

A dé pápá náà. Orin ń dún, èèyàn pọ̀ bí eéṣú, gbogbo wọn ń yí po lórí yìnyín tó ń dán. Màmá dúró létí irin tí wọ́n fi yí ibẹ̀ ká. Ọkùnrin kan yọ̀, ó fi ìdí balẹ̀ gbì. Obìnrin kan kọsẹ̀ lára rẹ̀, ó ṣubú lé e. Màmá ní, "Délé, kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe?" Bàbá mi ní, "Wọ́n ń yọ̀ ni, mà." Màmá kọjú sí i. "Yọ̀ tí o wí nìyí?" "Òun ni, mà." "O mú mi gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá kí n lè wá wo ẹni tó ń ṣubú?" Bàbá mi ní, "Màámi, it's fun. Owó ni wọ́n san." Màmá rọra gbé ìwé orin rẹ̀ padà sínú báàgì. Ó ní, "Nílé, ọ̀fẹ́ là ń ṣubú." Nígbà tí wọ́n gbé bàtà tèmi wá, tó rí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ké pe Jésù, ó ní ta ló de ọ̀bẹ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n wàhálà gidi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí nílé Yorùbá ló mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ṣubú lójú ẹ, o gbọ́dọ̀ kí i. Bó o mọ̀ ọ́n, bó ò mọ̀ ọ́n, o óò ní "Pẹ̀lẹ́," bí ẹni pé ìwọ lo gbé òkúta sọ́nà fún un. Ẹni tí kò bá wí i, wọ́n á béèrè ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Wàyí o, ẹ fojú inú wo obìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa, tó dúró létí pápá tí èèyàn ti ń ṣubú láìdáwọ́ dúró. "Pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá kí ọkùnrin àkọ́kọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ló kí méjì tó ṣubú pọ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí àwọn kan tún fi balẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń yí orí káàkiri, gèlè ń mì. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé gbogbo wọn ló fi aṣọ bo ojú, kò mọ èwo ló yẹ kí òun fi "ẹ" àgbà ṣíwájú pẹ̀lẹ́ fún. "Àjíkẹ́! Tibẹ̀ yẹn, àgbà ni àbí ọmọdé?" "Mi ò mọ̀, mà! It's a hat!" "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" Nígbà tó yá, ó ṣe òfin tirẹ̀: gbogbo ẹni tó ní irùngbọ̀n, ẹ pẹ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó ń sunkún, pẹ̀lẹ́, ẹni tó bá ní méjèèjì, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀gá kan tó ní fèrè lọ́rùn sáré wá lórí yìnyín, ó bi mí pé kí ni ìyá àgbà ń sọ. Mo ní ó ń sọ pé "sorry" ni. Ó ní kí ló ṣe fún wọn? Mo rò ó wò. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, bí àwa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó dúró níbẹ̀, ó wo Màmá bó ṣe ń kí wọn, ó sì lọ. Nígbà tó padà yí dé iwájú Màmá, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi orúnkún kan ilẹ̀ díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá," ni Màmá wí, inú ọkùnrin náà sì dùn bí ẹni tí wọ́n fún lóyè. Àwọn ọmọ kan rí i. Wọ́n wá ń ṣubú níwájú Màmá ní tiwọn, wọ́n tò bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ. Bàbá arúgbó kan tí kò ṣubú rárá, tó mọ̀ ọ́n yí bí òkòtó, dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ó nawọ́ sí i bíi pé tòun ńkọ́. Màmá mirí. Ó ní kí n sọ fún un pé kò tíì ṣubú. Mo sọ fún un. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra jókòó sórí yìnyín. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá." Kò pẹ́ tí àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn, ohùn wọn wọ́, ohùn wọn kò mọ òkè kò mọ ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti balẹ̀ báyìí, gbogbo pápá á ké e pọ̀: pẹ̀lẹ́!

Gbogbo ìgbà yìí, bàbá mi kò tíì kúrò lára irin. Ó ti sọ fún wa nílé pé òun mọ̀ ọ́n, pé òun ti wò ó dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wá fi irin sílẹ̀ wàyí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá mi kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ojú ọ̀run ló ń wò. Gbogbo pápá dákẹ́, wọ́n ń retí kí Màmá ṣíwájú. Màmá kò lè ṣíwájú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó di irin mú, ó tẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, gèlè ti ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Délé," ló ń wí, "Délé ọmọ mi," kò sì lè parí rẹ̀. Àwọn àjèjì ló bá a kí ọmọ rẹ̀.

Mo rò pé ìṣòro ti tán. Nínú réluwéè tí a wọ̀ padà, mo fara tì í, mo ní, "Màmá, ẹ ò lọ mọ́, àbí?" Ó fi ọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Màá lọ, ọmọ mi. Òní dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, òní nìkan ni mo rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́ kí n lè rí ẹni kí. Nílé tiyín, kò sẹ́ni tó ń ṣubú." Bàbá mi, tí ìdí ń dùn ún, tó dúró nítorí kò lè jókòó, yí ojú sí fèrèsé.

Kí lẹ rò pé ọmọdé tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, mo ṣubú nílé ìdáná, mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo ṣubú láàárín orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá á ní, "Pẹ̀lẹ́, Àjíkẹ́," ọkàn mi á balẹ̀ títí di ìṣubú tó kàn. Ìyá mi, tí ariwo náà ń jí lójú oorun, kọ́kọ́ rò pé bàtà ni. Nígbà tó yá, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú mi, ó ní kí n fi ojú tẹ̀ lé ìka òun, ó ní kí n rìn lórí ìlà táìsì. Mo rìn ín gbọnrangandan. Bí mo ṣe rìn ín tán ni mo ṣubú. "Daddy Bùkọ́lá," ló ké, "ọmọ yìí ò balance o! I'm calling the doctor on Monday." Bàbá mi ní yìnyín yẹn ló ti wọ̀ ọ́ létí. Ó fi fóòmù wé gbogbo igun tábìlì àti àga, débi pé ilé wa dà bí èyí tí wọ́n fẹ́ kó sínú ọkọ̀ òkun.

Ìrora náà pọ̀, kí n má purọ́. Eékún mi ti wú. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kọ́kọ́ gbé tìmùtìmù láti pálọ̀, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo gún un, mo wọn ibi tí orí mi máa balẹ̀ sí. Mo gbójú sókè, Màmá dúró lẹ́yìn mi. "Àjíkẹ́, ta lò ń tẹ́ ibùsùn fún?" "Fún ara mi, mà." "Oorun ń kùn ọ́?" "Rárá, mà. Mo fẹ́ ṣubú ni." Ó wò mí. Mo ní, "Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń ṣubú nílé wa." Mo wá bú sẹ́kún, nítorí bí mo ṣe sọ ọ́ jáde, mo mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Màmá kò sọ pẹ̀lẹ́. Ó rọra jókòó sórí tìmùtìmù náà, ó fà mí mọ́ra, àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ pẹ́, ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn lábẹ́ wa.

Nígbà tí bàbá mi dé, kò tíì bọ́ bàtà tí Màmá fi ní kó pe àwọn tó ni bàálù. Bàbá mi pè wọ́n, ó dúró pẹ́ kí èèyàn tó gbé e, ó wá fi ọwọ́ bo fóònù. "Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fẹ́ yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, mà?" Màmá ní, "Sọ fún wọn pé ọmọ kan wà níbí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Tìmùtìmù ló kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀. Kí n kọ́ ọ kí n tó lọ." Bàbá mi wò ó bóyá eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré. Ó sọ ọ́ fún wọn ní èdè Òyìnbó, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. Ó tún fi ọwọ́ bo fóònù. "Wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ wàyí." Màmá wò mí láti orí dé eékún tó wú.

"Orí ọmọ yìí kì í tètè gbà á," ló wí. "Ní kí wọ́n kọ ọdún tó ń bọ̀."